Ẹ Bi Wá Ká Sọ Fún Yín: Fáyàwọ́ọ̀lù Ò Jẹ́ Kí Láptọ́ọ̀pù Mi Gbàlejò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Lẹ́tà tó wọlé lórí kọ̀ǹpútà lóṣù yìí, ohun kan náà lọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ, pé láptọ́ọ̀pù ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ó ń wo fídíò, ó ń gba ímeèlì, àmọ́ tí ẹ̀rọ míì lórí wáífáì kan náà bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Fáyàwọ́ọ̀lù, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni wọ́n sábà ń fẹ̀sùn kàn. Mo ti kó àwọn tó jọra pọ̀. Èyí tó gùn jù ni mo fi ṣáájú torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù méjì ló wà lọ́wọ́ mi, Windows 11 ni méjèèjì. Mo ṣe fódà kan sórí àkọ́kọ́ kí ìkejì lè máa mú fáìlì níbẹ̀, mo ti share ẹ̀, pásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìkejì ò rí i rárá. Tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, á yí títí, á wá ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa fáyàwọ́ọ̀lù, mo pa á, kíá ló ṣiṣẹ́! Mo tàn án padà, ó tún kú. Ṣé kí n kúkú fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Wáífáì ilé mi ṣáà ni, ta ló fẹ́ wá jà mí lólè níbẹ̀. *Ẹni tó ti sú*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, lọ tàn án padà kó o tó ka ìyókù. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Pípa tó o pa á yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló wúlò fún, ó jẹ́ ká mọ̀ pé fáyàwọ́ọ̀lù gan-an ló dínà, kì í ṣe ráútà, kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú kan tó láti mọ ìyẹn, tó o bá ti mọ̀ ọ́n tán, iṣẹ́ pípa ti parí.

Wò ó, fáyàwọ́ọ̀lù ò yàtọ̀ sí oníbodè. Ẹni tó bá ń jáde nínú ìlú, oníbodè Windows kì í sábà bi í ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń lọ geere, torí láptọ́ọ̀pù rẹ ló kọ́kọ́ jáde lọ béèrè, èsì tó bá tẹ̀lé e padà wá, oníbodè mọ̀ pé ti ará ilé ni, á jẹ́ kó kọjá. Àmọ́ ẹni tó bá dédé wá kanlẹ̀kùn láti ìta tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, àfi kí orúkọ ẹ̀ ti wà nínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò tiẹ̀ ní dá a lóhùn. Láptọ́ọ̀pù kejì yẹn, lójú oníbodè ti àkọ́kọ́, ará ìta ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tábìlì kan náà ni méjèèjì wà.

Ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ oníbodè yìí wá jẹ́ mẹ́ta: Domain, Private, Public. Domain jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá, fi ìyẹn sílẹ̀. Private ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó o fọkàn tán, Public ni ti ìta gbangba, irú wáífáì tí ẹnikẹ́ni lè gùn lé. Tó o bá gbé láptọ́ọ̀pù dé orí wáífáì tuntun, tó ò sọ nǹkan kan fún un, Public ni Windows 11 máa pè é, kódà kó jẹ́ inú yàrá tìẹ lo wà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Windows ò ráyè wolé, Public lorúkọ tó ń sọ gbogbo ọmọ. Tó bá sì ti jẹ́ Public, network discovery, ìyẹn nǹkan tí kọ̀ǹpútà fi ń ké pé mo wà ńbí o, pípa ló máa wà, file sharing náà pẹ̀lú ẹ̀. Fódà tó o share wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn sẹ́ni tó lè rí i ni.

Torí náà kó o tó fọwọ́ kan nǹkan míì, ṣí Settings, lọ sí Network & internet, tẹ wáífáì tó o wà lórí ẹ̀ kó o wo properties ẹ̀, wàá rí Public network àti Private network. Tẹ Private. Windows kọ Recommended sẹ́gbẹ̀ẹ́ Public, ìyẹn ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn, ẹni tí kò mọ ibi tó wà ló wà fún, ìwọ mọ ilé ẹ. Láptọ́ọ̀pù méjèèjì ni kó o ṣe é sí o, kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ Advanced sharing settings, tan Network discovery àti File and printer sharing, lábẹ́ Private nìkan, má fọwọ́ kan Public. Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi, ibí yìí ló ń parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa tẹ àṣẹ, kó ṣí PowerShell pẹ̀lú agbára Administrator, Get-NetConnectionProfile á sọ orúkọ tí wọ́n pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, èyí tó máa yí i padà sì rèé:

Set-NetConnectionProfile -InterfaceAlias "Wi-Fi" -NetworkCategory Private

Tí kò bá wá parí síbẹ̀ ńkọ́? Dán ilẹ̀kùn kan pàtó wò. File sharing ti Windows, pọ́ọ̀tù TCP 445 ló ń gbà (pọ́ọ̀tù ni ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbà, TCP sì ni ọ̀kan lára ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bára sọ̀rọ̀). Lórí láptọ́ọ̀pù tó ń wá fódà, kì í ṣe èyí tó ní in, tẹ Test-NetConnection 192.168.1.20 -Port 445 sínú PowerShell, kó o fi àdírẹ́ẹ̀sì tìẹ rọ́pò tèmi, ipconfig á sọ ọ́ fún ẹ níbi tí wọ́n kọ IPv4 Address sí. Tí ìlà tó sọ TcpTestSucceeded bá ní True, oníbodè ti jẹ́ kó kọjá, ọ̀rọ̀ ti di ti orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù nìyẹn, má ṣe tún fẹ̀sùn kàn án. Tó bá ní False, ó ṣì kù díẹ̀.

Ohun tó sábà ń kù rèé. Òfin file sharing tí Windows kọ fún Private, ó kọ Local subnet síbi Scope ẹ̀, ìyẹn ni pé ará àdúgbò kan náà nìkan ló ń gbà wọlé. Tó o bá ní ráútà méjì, bóyá o ra ìkejì kí wáífáì lè dé ẹ̀yìnkùlé, tí ọ̀kan ń pín 192.168.0, tí ìkejì ń pín 192.168.1, láptọ́ọ̀pù méjèèjì á wà nínú ilé kan náà ṣùgbọ́n àdúgbò wọn ti yàtọ̀. Oníbodè ò mọ̀ wọ́n mọ́ra wọn. Ohun tó dáa jù ni kó o sọ ráútà kejì di Access Point lásán kí ẹyọ kan ṣoṣo máa pín àdírẹ́ẹ̀sì, ó sàn ju kó o máa fẹ òfin lójú lọ.

Ìkejì ni Cancel. Ṣé o rántí ọjọ́ tí áàpù kan kọ́kọ́ ṣí, tí Windows gbé àpótí kan wá síwájú rẹ pé òun ti dí áàpù yìí lọ́nà, ṣé kí òun jẹ́ kó kọjá? O ń kánjú, o tẹ Cancel. Ìwọ rò pé ohun tó o sọ ni má dà mí láàmú, ohun tí Windows gbọ́ ni má jẹ́ kó wọlé láé, ó sì kọ òfin Block sílẹ̀ fún áàpù yẹn, ọ̀kan fún TCP, ọ̀kan fún UDP, ìyẹn ọ̀nà míì tí kọ̀ǹpútà ń gbà bára sọ̀rọ̀. Block sì ń borí Allow, bó o kọ Allow mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Block kan ṣoṣo á gbá gbogbo wọn dànù. Tẹ Windows pẹ̀lú R, kọ wf.msc, lọ sí Inbound Rules, wá orúkọ áàpù náà, àmì pupa ló máa ń wà lára Block, kó o pa á rẹ́. Ti fódà tìẹ lè máà jẹ́ èyí, mo sọ ọ́ torí mo rí lẹ́tà bíi mẹ́ta tó jọ pé Cancel ló ń bá wọn jà.

Ọ̀rọ̀ ta ló fẹ́ wá jà ọ́ lólè wá kù. Pọ́ọ̀tù 445 tí mo ní kó o dán wò yẹn, òun ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí ìkejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ṣáájú ìyẹn, lóṣù Kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò míì, Blaster, gba pọ́ọ̀tù 135 wọ inú Windows XP. Fáyàwọ́ọ̀lù ti wà lára XP nígbà náà o, pípa ni wọ́n kàn fi í sílẹ̀! Service Pack 2 tó jáde lọ́dún 2004 ni wọ́n tó fi tàn án fún gbogbo ayé. Olè ò nílò kó mọ ilé ẹ, fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan tó ti kó kòkòrò láti ibòmíì tó wá gùn lé wáífáì rẹ ti tó. Láptọ́ọ̀pù kì í sì í jókòó sójú kan, èyí tó o pa nílé, pípa náà ló máa wà tó o bá gbé e jáde.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Príńtà mi ò ní wáyà, wáífáì ló ń lò. Fóònù mi ń tẹ̀wé lórí ẹ̀ láìsí wàhálà, láptọ́ọ̀pù ló máa ń ní offline. Ọmọ tó wá bá mi wò ó ní fáyàwọ́ọ̀lù ni. Ó ti tẹ oríṣiríṣi nǹkan, kò yí padà. Ṣùgbọ́n tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á dédé máa tẹ̀wé. Kí ló dé tí fáyàwọ́ọ̀lù á máa sinmi lópin ọ̀sẹ̀? *Màmá onípríńtà*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ ṣé gan-an, ìbéèrè yín pa mí lẹ́rìn-ín, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti já a. Fáyàwọ́ọ̀lù kì í gba ìsinmi. Kí lẹ máa ń tàn lọ́jọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ kì í tàn lópin ọ̀sẹ̀? VPN ibi iṣẹ́, ìyẹn ètò tó ń so láptọ́ọ̀pù yín mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́, ni mo fura sí.

Ẹ wò ó báyìí, ma. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀wé, láptọ́ọ̀pù yín ló ń jáde lọ bá príńtà, pọ́ọ̀tù 9100 tàbí 631 ló sábà máa ń gbà, mo sì ti sọ lókè pé oníbodè kì í yọ ẹni tó ń jáde lẹ́nu. Torí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀sùn yẹn ò ti fi bẹ́ẹ̀ dúró. VPN ló yàtọ̀. Tó bá ti wà ní títàn, gbogbo ohun tó ń jáde lórí láptọ́ọ̀pù ló lè kó gba ojú ọ̀nà tiẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, tó fi mọ́ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí príńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìwé á rìn dé ibi iṣẹ́, wọ́n á wá príńtà yín níbẹ̀, wọn ò ní rí i. Fóònù yín ò sí lórí VPN, ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ń lọ.

Ẹ pa VPN, kẹ́ ẹ tẹ ojú ìwé kan wò. Tó bá jáde, ẹ wọ Settings VPN náà kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ nǹkan tó jọ Allow LAN tàbí local network access, ẹ tàn án. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí kò ṣeé tẹ̀, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ ló ti í pa, ó sì ní ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n. Ní báyìí ná, ẹ máa pa VPN ṣáájú kẹ́ ẹ tó tẹ̀wé.

Ẹ bá mi bi ọmọ yẹn ní nǹkan kan, ma: ṣé ántífáírọ́ọ̀sì míì wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, yàtọ̀ sí ti Windows? Àwọn kan nínú wọn máa ń gbé fáyàwọ́ọ̀lù tiwọn wá, wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti Windows pátápátá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tẹ nǹkan nínú fáyàwọ́ọ̀lù Windows látàárọ̀, oníbodè tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, ping ò lọ sórí láptọ́ọ̀pù mi, Request timed out ló ń sọ ṣáá. Ṣùgbọ́n Remote Desktop ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́? *Ọ̀gbẹ́ni Ping*

Ìdáhùn: Ping, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n fi ń béèrè bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, kì í gba pọ́ọ̀tù kankan, ICMP ló ń lò, ọ̀nà míì tó yàtọ̀ sí TCP àti UDP, òfin tiẹ̀ sì dá wà. Remote Desktop, èyí tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà láti orí ẹ̀rọ míì, ní òfin tiẹ̀ fún pọ́ọ̀tù 3389, ẹ ti tan ìyẹn, ẹ ò tan ti ping. Nínú wf.msc ẹ wá òfin tí orúkọ ẹ̀ ní Echo Request àti ICMPv4-In nínú, ẹ tan èyí tó jẹ́ ti Private. Tí ẹ ò bá sì nílò ping, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò bá nǹkan kan jẹ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ yéé fi ping mọ ẹni tó wà láàyè, torí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kì í dáhùn ping, ara wọn le koko.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ wẹ́ẹ̀bù. Èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́ ń ṣí lórí láptọ́ọ̀pù mi ní localhost:3000, fóònù mi ni kò ṣí i. Mo ti ṣí pọ́ọ̀tù 3000, TCP, UDP, Private, Public, gbogbo ẹ̀ pátá. Kò lọ. Mo bá pa fáyàwọ́ọ̀lù, kò tún lọ. Ohun tí fóònù ń sọ báyìí ni connection refused. *Akẹ́kọ̀ọ́ wẹ́ẹ̀bù*

Ìdáhùn: O ṣeun tó o kọ ohun tí fóònù sọ gan-an gan-an, ká ní gbogbo èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ mi ì bá dín kù. Nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ìdáhùn wà. Refused ni pé o dé ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan sì dá ẹ lóhùn pé kò sẹ́ni tó ò ń wá níbí. Timed out ni pé o kanlẹ̀kùn kanlẹ̀kùn, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Fáyàwọ́ọ̀lù Windows kì í dáhùn, dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́, torí náà ẹni tó gbọ́ refused, fáyàwọ́ọ̀lù kọ́ ló bá pàdé. Ti Linux nìkan ló yẹ ká ṣọ́, torí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ lè ní kó máa kọ̀ jáde lẹ́nu dípò kó dákẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi àwọn ọ̀gá pàápàá lọ́nà. Tí fáyàwọ́ọ̀lù Windows bá wà ní títàn, kódà pọ́ọ̀tù tí kò sẹ́ni tó jókòó tì í, kò ní sọ pé refused, á dákẹ́ náà ni. Ìyẹn ni pé timed out lórí Windows ò fi hàn pé òfin ló kù, ó lè jẹ́ pé áàpù gan-an ni kò sí níbẹ̀. Ìgbà tó o pa fáyàwọ́ọ̀lù ni òótọ́ tó fara hàn sí ẹ, àṣìṣe tó ṣe ẹ́ láǹfààní.

Ibi tí áàpù rẹ jókòó sí ni kó o lọ wò. Tẹ netstat -ano | findstr 3000. Ó dá mi lójú pé 127.0.0.1:3000 lo máa rí, tàbí [::1]:3000. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn, inú láptọ́ọ̀pù nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kò létí síta, kò sì sí òfin fáyàwọ́ọ̀lù tó lè fi etí sí i. 0.0.0.0:3000 lo fẹ́ rí. Wo èyí tó ò ń lò nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù. Tó bá jẹ́ Vite lò ń lò, fi --host kún àṣẹ tó o fi ń tàn án. Flask, kọ host="0.0.0.0" sínú app.run. Django, runserver 0.0.0.0:3000, kó o má sì gbàgbé ALLOWED_HOSTS, ó máa bínú sí ẹ tó o bá gbàgbé. Lórí fóònù, má kọ localhost o! Localhost lórí fóònù, fóònù náà ló ń pe ara ẹ̀. Nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù ni kó o kọ, bíi 192.168.1.20:3000.

Tó bá ti lọ, padà tan fáyàwọ́ọ̀lù, kó o pa gbogbo òfin játijàti tó o kọ yẹn rẹ́, ẹyọ kan tó báyìí ló tó:

New-NetFirewallRule -DisplayName "Wẹ́ẹ̀bù 3000" -Direction Inbound -Protocol TCP -LocalPort 3000 -Action Allow -Profile Private -RemoteAddress LocalSubnet

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà mọ̀ dájú pé fáyàwọ́ọ̀lù ló dí nǹkan, yàtọ̀ sí pé kí n máa pa á kí n máa tàn án? *Má-pa-á-mọ́*

Ìdáhùn: Ó wà o, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹ̀. Oníbodè Windows lè máa kọ orúkọ ẹni tó bá lé padà sílẹ̀, wọn ò kàn bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn látilẹ̀ ni. Ṣí wf.msc, tẹ Properties, lábẹ́ Private Profile wàá rí Logging, tẹ Customize, sọ Log dropped packets di Yes. Fáìlì tó ń kọ ọ́ sí ni pfirewall.log, nínú Windows\System32\LogFiles\Firewall. Wá ṣe ohun tí kò lọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o ṣí fáìlì náà. Tó o bá rí ìlà tó ní DROP, TCP, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ tó ń kanlẹ̀kùn, àdírẹ́ẹ̀sì tìẹ, àti pọ́ọ̀tù tó ò ń wá, ẹjọ́ parí, o ti mú un pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Tó ò bá rí nǹkan kan rárá, á jẹ́ pé oníbodè kọ́ ló lé àlejò, bóyá kò tiẹ̀ dé ẹnu ibodè tàbí wọ́n ti jẹ́ kó kọjá, kó o lọ máa wá wàhálà níbòmíì. Wo Public náà kó o tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣá o, kó má lọ jẹ́ pé ìwé kejì ló ń kọ ọ́ sí. Pa Logging náà tó o bá ti ṣe tán.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo ti ṣe Private, mo ti pa fáyàwọ́ọ̀lù lórí láptọ́ọ̀pù méjèèjì, mo ti tún Windows ọ̀kan fi sí látìbẹ̀rẹ̀, wọn ò rí ara wọn síbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ lórí méjèèjì. *Mo fẹ́ jù wọ́n nù*

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́. Títún Windows fi sí yẹn dùn mí dé egungun, torí tí fáyàwọ́ọ̀lù bá wà ní pípa lórí méjèèjì tí nǹkan ò sì lọ, oníbodè ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sóhun tó o fẹ́ tún ṣe fún Windows.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ kan èmi náà jókòó ti láptọ́ọ̀pù méjì láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́, mo kọ òfin, mo pa òfin rẹ́, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Àṣé guest wáífáì ni ọ̀kan wà lórí ẹ̀! Orúkọ méjèèjì jọra, guest nìkan ló yàtọ̀ ní ìparí ẹ̀, mi ò kàn kà á dópin ni. Guest wáífáì, ohun tí wọ́n dá a fún gan-an ni pé kí àlejò rí íńtánẹ́ẹ̀tì kó má sì rí ará ilé.

Kọ́kọ́ wo àdírẹ́ẹ̀sì wọn. Tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ráútà ò fún un ní nǹkan kan, òun ló fúnra ẹ̀ sọ ara ẹ̀ lórúkọ, àmọ́ ìwọ ní íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ nítorí náà kò dà bíi pé ìyẹn ni. Tí àdírẹ́ẹ̀sì bá bára mu, ping ìkejì láti orí àkọ́kọ́, má wo èsì ping, ohun tó o máa ṣe ni pé kó o tẹ arp -a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí èkejì lórí wáífáì kan náà, á kọ́kọ́ ké pé ta ló ń jẹ́ 192.168.1.20, èkejì á dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ẹ̀, fáyàwọ́ọ̀lù Windows kì í sì í dá ìpè yẹn dúró. Tí nọ́ńbà yẹn bá hàn nínú arp -a, wọ́n gbúròó ara wọn. Tí kò bá hàn, ráútà ló ń là wọ́n sọ́tọ̀. Wọ inú ráútà, wá ibi tí wọ́n kọ AP isolation, Client isolation tàbí Wireless isolation sí, orúkọ ẹ̀ ò dọ́gba lórí gbogbo ráútà, kó o pa á. Tí ráútà ò bá jẹ́ tìẹ, tó jẹ́ wáífáì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ilé ìtura, wọn ò ní pa á fún ẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yẹ kó rí. Tan hotspot fóònù ẹ, kó o gbé méjèèjì gùn ún.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ubuntu ni tèmi, irú Linux kan. Mo fẹ́ tan ufw, ìyẹn fáyàwọ́ọ̀lù ẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí mo sọ di sáfà, SSH, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ àṣẹ sórí ẹ̀rọ láti orí ẹ̀rọ míì, ni mo fi ń wọ̀ ọ́, kò ní ojú kankan mọ́ torí síkírìnnì ẹ̀ ti fọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má ti ara mi mọ́ta. *Onísíkírìnnì fífọ́*

Ìdáhùn: Ìbẹ̀rù yín yè kooro. Pípa ni Ubuntu máa ń fi ufw sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tàn án láìsọ nǹkan kan, gbogbo ohun tó ń wọlé ló máa dí, SSH náà pẹ̀lú. Ẹ kọ òfin ṣáájú kẹ́ ẹ tó tàn án:

sudo ufw allow from 192.168.1.0/24 to any port 22 proto tcp

Ẹ rí i pé 192.168.1 yẹn bá ti ilé yín mu, ip a á sọ fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, sudo ufw enable, á kìlọ̀ pé SSH lè já, ẹ ní y. Ẹ má tíì pa fèrèsé SSH tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ o, ẹ ṣí òmíràn kẹ́ ẹ fi wọlé wò, tí ìkejì bá wọlé, ẹ lè pa ti àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lo Docker, ètò tí wọ́n fi ń tan áàpù sínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lórí ẹ̀, ẹ mọ̀ pé pọ́ọ̀tù tí Docker bá ṣí, ẹ̀yìn ufw ló ń gbà kọjá, ufw status ò ní fi hàn yín.

Ìbéèrè: Mac ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti gba Sequoia, áàpù kan tí mo fi ń wo kámẹ́rà ilé ò rí kámẹ́rà mọ́, fáyàwọ́ọ̀lù mi sì wà ní pípa. *Oní-Mac*

Ìdáhùn: Fáyàwọ́ọ̀lù kọ́. Láti macOS 15, ìyẹn Sequoia tó jáde lọ́dún 2024, áàpù gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ yín kó tó lè wá nǹkan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Ó jọ pé ó ti béèrè, tí ẹ sì tẹ Don't Allow láìmọ̀. System Settings, Privacy & Security, Local Network, ẹ tan ti áàpù náà, ẹ pa áàpù kẹ́ ẹ tún un ṣí. Tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn rárá, ẹ yọ áàpù náà kúrò kẹ́ ẹ tún un fi sí, kó lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.